Ògiri Kọ́ Ló Ń Kọ́ Ọmọ Níwèé

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun ti ń kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín ẹlẹ́yà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́: "Ṣé yunifásítì nìyẹn náà?" Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, tí kò sì lówó ilé gbígbé ní Èkó, lè torí ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ pa ìwé tì.

Àwọn ẹlẹ́gàn ti gbàgbé ìtàn ilé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, kò jókòó ní kíláàsì kankan ní Lọ́ńdọ́nù kí yunifásítì ìlú náà tó fún un ní oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní ọdún 1944. Nàìjíríà níhìn-ín ló ti kà á, tí ẹ̀kọ́ ń tọ̀ ọ́ wá nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Ta ló jẹ́ pe oyè yẹn ní ayédèrú?

Ìjọba pàápàá lọ́wọ́ nínú ẹ̀gàn yìí. Ọdún 1983 ni wọ́n dá National Open University sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ láti òkèèrè. Ní 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ó di 2002 kó tó tún ṣí. Buhari yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, ló buwọ́ lu òfin tó mú un bá àwọn yunifásítì yòókù dọ́gba ní 2018. Òfin ti yí padà. Kí ló dé tí ojú àwọn agbanisíṣẹ́ kò yí?

Wọ́n ní èrú pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó ní ògiri àti òrùlé ní Kùtọ̀nú ni oníròyìn kan ti gboyè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ìròyìn rẹ̀ ló mú kí ìjọba Nàìjíríà dá fífọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ògiri kò dá èrú dúró.

Síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má tan ara rẹ̀ jẹ. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Andela dá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró, nítorí àwọn onírìírí ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń béèrè. Ìwé ẹ̀rí lè ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ní í múni pẹ́ nínú ilé. Kí ẹni tó ń gboyè ní ohun tó ti ṣe tí ènìyàn lè ṣí wò, ìbáà ṣe ètò kékeré tó ń bá oníṣòwò ọjà Òkè-Àje ṣírò ọjà rẹ̀.

Kí agbanisíṣẹ́ náà sì yé béèrè ibi tí ọmọ jókòó sí kàwé. Kó gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, kó ní kó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni òtítọ́ yóò ti hàn.