Ọ̀rá Kọ́ Ló Bí Ẹ̀wà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o. Mo ní ẹjọ́ lọ́wọ́, àwọn tó ń ya ọnà sára ọ̀rá oúnjẹ wa ni mo sì pè lẹ́jọ́.

Ẹ lọ wo ọ̀rá èlùbọ́ lórí àtẹ. Gẹ̀ẹ́sì lókè, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Èlùbọ́ gan-an, orúkọ òyìnbó ni wọ́n sọ ọ́. Ta ló ń jẹ àmàlà ní Gẹ̀ẹ́sì, jàre? Ìyá mi ò ka Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá po nǹkan mìíràn mọ́ èlùbọ́ náà, tí wọ́n wá kọ ọ́ wínníwínní sẹ́yìn ọ̀rá, báwo ni ìyá mi ṣe fẹ́ mọ̀? Ikùn rẹ̀ ló ń lọ o!

Àwọn ìyá wa mọ ọnà ju èyí lọ. Ẹ wo ewé mọ́ínmọ́ín. Wọ́n á ká a, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kó má baà jò, wọ́n á bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Ewé yẹn ni abọ́, òun ni ìdérí, òun náà ló ń ta sánsán sí oúnjẹ lára. Bí o bá ti ń tú u, o ti mọ̀ pé igbó ló ti wá.

Ẹ̀wà inú rẹ̀ wá ńkọ́? Òkè Ọya ni wọ́n ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí à ń jẹ. Ṣé ọ̀rá ẹ̀wà sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Rárá o. Ọmọ ìgboro ò rí òdòdó ẹ̀wà rí. Ẹ bi í pé níbo ni ẹ̀wà ti ń wá, á ní inú ọ̀rá.

Wọ́n á ní ewé ti di nǹkan ará oko. Ó dáa. Ní January 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ, torí ó ń dí gọ́tà. Ewé wo ló dí gọ́tà tó bẹ́ẹ̀ rí?

Mi ò ní ká fi ewé pọ́n gààrí o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọ̀rá máa sọ̀rọ̀ bí ewé ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá: kí ló wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ ibo ni wọ́n ti gbìn ín, oṣù wo ni wọ́n kórè rẹ̀. Bó bá jẹ́ Òkè-Ògùn ni iṣu èlùbọ́ náà ti wá, ẹ kọ Òkè-Ògùn síbẹ̀. Ẹ ya ewé ẹ̀wà, ẹ ya òdòdó rẹ̀, kí ọmọdé lè fọwọ́ tọ́ka sí i.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá náà ò gbọdọ̀ dákẹ́. Oríkì iyán kún ẹnu wa nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló ti kọ ìlà kan ṣoṣo sára ọ̀rá èlùbọ́? Ẹ jẹ́ ká wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà lọ. Kí wọ́n yàwòrán, ká kọ̀rọ̀. Bí oníléeṣẹ́ bá ní àyè ò sí fún Yorùbá lára ọ̀rá òun, ẹ ní kó sún Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.