Ìsinmi Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́ Àwa Ọ̀gá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè ṣàì sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí kò tilẹ̀ ní dùn létí gbogbo ènìyàn. Àwa tí a ń pe ara wa ní olùfẹ́ àṣà Yorùbá, tí a sì ń fi àwọn baba ńlá wa yangàn ní ìpàdé gbogbo, irú ọ̀gá wo ni a jẹ́ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀fà. Ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò sì rí i san a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ rẹ̀ a sì dúró fún èlé owó náà. Ìkà wà nínú àṣà náà, pàápàá fún ọmọdé tí a mú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ní ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ilé ara rẹ̀ ni ó ń gbé, a kì í sì í nà án. Ní ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ tí ó tó 100 ebè ni yóò ro fún olówó, èyí tí kò ju iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ lọ. Nígbà tí ó bá ro ó tán, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. Bí ó bá sì wù ú, ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lè rí àyè gbọ́ ti oko ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi ìwọ̀n sí iṣẹ́ ẹni tí ó jẹ gbèsè! Ẹni tí kò jẹ wá ní kọ́bọ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ yìí náà wà nínú ohun tí ó da Èkó rú ní oṣù August 1897, nígbà tí Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí àkókò iṣẹ́ àwọn lébìrà ìjọba padà, kí ó sì dín ọ̀yà wọn kù. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Inú wa a máa dùn láti sọ ìtàn náà, nítorí pé òyìnbó ni ọ̀gá ìgbà náà. Lónìí, ọ̀gá náà ti wọ agbádá.

Ọmọbìnrin tí ń bá wa tajà ní ṣọ́ọ̀bù a máa dúró láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsí àga, kí oníbàárà má baà pè é ní ọ̀lẹ. Tíṣà tí a gbà sí ilé-ìwé aládàáni wa a máa dúró de owó oṣù tí ó ti kọjá. Awakọ̀ wa ni ó burú jù. Yóò jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ògiri ibi àríyá títí di ọ̀gànjọ́ òru, bóyá ẹnikẹ́ni rántí gbé oúnjẹ fún un tàbí kò rántí. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ yóò sì bá a lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí oorun ń kùn bẹ́ẹ̀ ni a fi ẹ̀mí àwọn ọmọ wa lé lọ́wọ́.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, kò dákẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣe iṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní odidi ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7. Bí ó bá sì pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, tọ́ sí i pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọjà kò tà, àti pé owó oṣù nìkan ti ń ni òun lára. A gbà pé ayé le. Ṣùgbọ́n àga onípákó kan kò tó owó aṣọ ẹbí kan, kò sì sí owó tí a ń san kí ènìyàn tó lè sùn.

Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin ni a fẹ́ kí ẹ ṣáájú, nítorí ojú gbogbo ìlú ń bẹ lára yín. Ní òde àríyá tí ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí a kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ kí a tó gbé e fún yín, kí ẹ sì dìde kúrò níbẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù.