Oògùn Kò Ní Ẹsẹ̀: Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Aráàlú Nínú Ìtọ́jú Sídà ní Ilẹ̀ Kétu

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá púpọ̀ nínú owó ìrànwọ́ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìpàdé ńlá kan wáyé ní ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, láti dá owó sí Fonds mondial, àpò owó àgbáyé tí ń gbógun ti sídà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà. Bílíọ̀nù dọ́là 18 ni wọ́n ń wá. Ìlérí tí wọ́n rí gbà ní ìpàdé náà jẹ́ bílíọ̀nù 11,34. Ní ọdún 2022, ìlérí irú rẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù 15.

Johannesburg jìnnà sí Kétu. Síbẹ̀, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti Fonds mondial ni wọ́n jọ ń gbé ẹrù ìtọ́jú sídà ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí owó bá dín kù, ohun tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ni pé oògùn lè tán. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó lè sọnù kí oògùn tó tán, tí ariwo rẹ̀ kì í sì í ta. Ohun náà ni iṣẹ́ ẹni tí ń gbé ẹsẹ̀ lọ bá aláìsàn nílé. ONUSIDA, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ sídà, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2025 pé iṣẹ́ ìdènà àti iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ aráàlú wà lára ohun tí ìdínkù owó yìí pa lára jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: lójoojúmọ́

VIH ni orúkọ kòkòrò tí ń ba agbára ara jẹ́. Sídà ni àìsàn tí ń gbẹ̀yìn rẹ̀ bí ènìyàn kò bá gba ìtọ́jú. Oògùn tí ó wà lóde kò lè lé kòkòrò náà jáde pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè ṣiṣẹ́ oko, ó lè bímọ, ó sì lè darúgbó. Bí kòkòrò náà bá dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí i mọ́, kì í ràn mọ́ nípa ìbálòpọ̀. Bákan náà ni fún aboyún. Bí ìyá tí ó ní VIH kò bá gba ìtọ́jú, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ni ó lè kó o nínú oyún, nígbà ìbí, tàbí nínú ọmú. Bí ìyá bá gba ìtọ́jú tí ó péye, iye náà kì í tó 5.

Gbogbo ire yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: lójoojúmọ́. Bí ènìyàn bá dá oògùn dúró, kòkòrò tí ó sùn yóò jí. Bí ó bá ń lò ó lónìí tí ó sì ń fi í sílẹ̀ lọ́la, kòkòrò náà lè mọ ọgbọ́n oògùn, oògùn yóò sì dẹni tí kò ràn án mọ́.

Ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ rí aláìsàn sídà ní Bẹ̀nẹ̀. Ọdún 2002 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó mú oògùn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Lónìí, ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò sọ pé aláìsàn kò ní náwó. Owó zẹ́mìjàn wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan tí yóò bọ́ wà níbẹ̀. Ìtìjú sì wà níbẹ̀, òun ni ó wúwo jù.

Ohun tí dókítà nìkan kò lè ṣe

Ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 àgbàlagbà ni ó ní VIH. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ju 10 nínú 100 lọ. Ó dára pé iye Bẹ̀nẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kíkéré náà ní ewu tirẹ̀. Níbi tí àrùn bá ti wọ́pọ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ ẹnì kan tí ń lo oògùn tí ara rẹ̀ sì le. Níbi tí ó bá ti ṣọ̀wọ́n, ẹni tí ó ní i a máa rò pé òun nìkan ni, a sì máa fi ara pamọ́.

Ilẹ̀ Kétu sì ní ìṣòro mìíràn. Ilẹ̀ ààlà ni. Oníṣòwò a máa ná ọjà Kétu lónìí, a sì sọdá sí Ìlárá tàbí Ìmẹ̀kọ lọ́la. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kò bá kàlẹ́ńdà ilé ìwòsàn mu, nítorí náà ọjọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn gba oògùn lè bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Obìnrin mìíràn kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì ń fi oògùn pamọ́ sínú àpò ìrẹsì. Ẹlòmíràn fi ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn sílẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kí ará àdúgbò má baà rí i. Bí owó ọkọ̀ bá tán, ìtọ́jú náà tán nìyẹn.

Dókítà kò lè fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ láti máa wá àwọn wọ̀nyí kiri. Ibẹ̀ ni àwọn alárinà ti wọlé, tí wọ́n ń pè ní médiateur ní èdè Faransé. Púpọ̀ nínú wọn ní VIH fúnra wọn. Láti inú ẹgbẹ́ àwọn tí ó ní VIH ni wọ́n ti ń wá, irú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n parapọ̀ di RéBAP+. Wọ́n ń jókòó ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò. Wọ́n ń pe ẹni tí ó pa ọjọ́ oògùn jẹ lórí fóònù. Wọ́n ń lọ sílé rẹ̀ láìwọ aṣọ tí yóò tú àṣírí. Bí ojú wọn bá rí, ẹnu wọn a dákẹ́. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé, “Èmi náà ti ń lò ó láti ọdún pípẹ́,” ọ̀rọ̀ náà a máa wọni lára ju ìmọ̀ràn dókítà lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Áfíríkà. Ní ọdún 1987, Noerine Kaleeba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ TASO sílẹ̀ ní Uganda, lẹ́yìn tí sídà pa ọkọ rẹ̀. Kò sí oògùn tí ó dàbí ti òde òní nígbà náà. Ohun tí wọ́n ní ni ìtọ́jú pẹ̀lú ìfẹ́ àti òtítọ́. Ní Nàìjíríà, nígbà tí olórin Fela kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tí ó ti ṣe mínísítà ìlera, sọ fún gbogbo ayé pé sídà ni ó pa á. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan náà la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin tí ó jáde ní ọdún 2006 dáàbò bo àṣírí ẹni tí ó ní VIH, ó sì kọ̀ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin nílò ẹni tí yóò kà á sí etí ẹni tí ọ̀ràn kàn.

Dídín ewu kù

Apá kejì iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni ó ń fa àríyànjiyàn jù. Wọ́n ń pín rọ́bà ìdáàbòbò tí wọ́n ń pè ní kápóòtì. Wọ́n ń bá àwọn obìnrin tí ń fi ara ṣòwò sọ̀rọ̀ láìbú wọn. Àwọn kan ń bi wọ́n pé, ṣé kì í ṣe ìwà burúkú ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí gbogbo ilé ń ṣe. Ìbálòpọ̀ ni VIH ń gbà ràn jù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba onígbàjámọ̀, olóòlà àti ẹni tí ń sín gbẹ́rẹ́ níyànjú pé kí wọ́n lo abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́rẹ́ mọ́. Ewu inú rẹ̀ ni wọ́n mú kúrò. Èyí gan-an ni dídín ewu kù.

Ìlú Dakar, ní Senegal, fi hàn pé ọ̀nà yìí tọ́ láti tọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2011 láàrin àwọn tí ń lo oògùn olóró rí i pé, nínú 100 tí ń fi abẹ́rẹ́ gún un sára, ó ju 9 lọ tí ó ní VIH. Nínú àwọn tí kò lo abẹ́rẹ́, kò tó 3. Ní ọdún 2014, ìjọba Senegal ṣí ilé ìtọ́jú CEPIAD, níbi tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń gba ìtọ́jú dípò ẹ̀wọ̀n. Ní ilẹ̀ Kétu, hóró tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì láti lè ṣiṣẹ́ agbára kò lè kó VIH ranni. Ṣùgbọ́n ó ń di bárakú, ó sì ń mú kí ènìyàn gbàgbé ìṣọ́ra. Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀gàn bá lé jìnnà sí ilé ìwòsàn kò ní gbọ́ ìmọ̀ràn kankan.

Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ní Abuja pé 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn yóò máa lọ sí ìlera. Díẹ̀ ni ó ti mú ìlérí náà ṣẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí bílíọ̀nù náírà tí ó lé ní 4 láti ra oògùn VIH. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n oògùn ni owó náà rà; kò san owó ọkọ̀ alárinà.

Àwọn ẹgbẹ́ náà ní àbùkù tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn ń gbẹ́kẹ̀ lé owó iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta tí ó wá láti òkèèrè. Bí iṣẹ́ náà bá parí, alárinà a padà sí oko. Ìbéèrè mìíràn sì wà: ta ni yóò tọ́jú ìwé tí orúkọ àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí kò fi tọ́ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ ọrẹ àánú. Bí ìjọba àti komúùnù bá ka alárinà sí òṣìṣẹ́, tí wọ́n fún un ní owó oṣù kékeré, tí ilé ìwòsàn agbègbè Pọ́bẹ̀, Kétu àti Adja-Ouèrè sì ń pa ìwé náà mọ́, iṣẹ́ náà kò ní kú pẹ̀lú owó àlejò. Ẹgbẹ́ náà yóò sì máa jíhìn owó rẹ̀ ní gbangba, bí kò tilẹ̀ dárúkọ aláìsàn kankan.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Owó tí yóò gbé alárinà láti Kétu dé abà aláìsàn kò tó nǹkan lójú owó oògùn. Síbẹ̀, láìsí i, oògùn náà lè wà lórí pẹpẹ ilé ìwòsàn títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi kọjá, kí ẹni tí ó ni í sì kú sílé.