Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Rí Òkun



Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo òkun ní Brighton lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìrìn bíi wákàtí kan ni. Búrẹ́dì àti ẹyin ni a ń dì lọ. A kì í náwó púpọ̀, síbẹ̀ ara wa a máa yá padà sí ẹnu ẹ̀kọ́.

Kò di ìgbà tí ẹ bá lọ sí ìlú òyìnbó. Ọmọ tí kò mọ̀ ju ariwo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ àti èéfín lọ yẹ kí ó rí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn ajíhìnrere C.M.S. kọ́ parí ní 1845. Láti ibẹ̀ ni a ti ń wọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Gberefu, ọ̀nà tí a mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Ẹ rí i pé gbogbo yín wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Ẹ gbé ìrẹsì gbígbóná sínú kúlà oúnjẹ. Èyí tí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ju wákàtí méjì lọ, ẹ dà á nù. Ọsàn àti ẹ̀pà kì í tètè bàjẹ́.

Àwọn àgbà ní ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n òkun tiwa yìí, ẹ bẹ̀rù rẹ̀: ìgbì rẹ̀ a máa fa ènìyàn wọlé lójijì. Ẹ di ọmọ mú ṣinṣin; kí wọ́n wò ó, kí wọ́n má wẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ bá baálé yín sọ ọ́ lálẹ́ òní, kí ẹ jọ dá ọjọ́.