Àjàṣẹ́ Kò Jìnnà sí Dọ̀pẹmú

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ má bínú sí mi: ọ̀rọ̀ Bangkok yìí ti sú mi. Láti ọdún kejì mi ni mo ti ń rí àwọn fídíò náà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Ọmọ Nàìjíríà méjì, báàgì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, tẹ́ńpìlì aláwọ̀ wúrà, oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì, "ẹ wá wo bí a ṣe fi owó táṣẹ́rẹ́ rìn ká olú-ìlú Thailand". Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ nítorí ẹ̀. Ilé wọn wà ní Akówọnjọ, tiwa wà ní Dọ̀pẹmú, a sì jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì ni. Akáńtì ni mo máa pè é níbí, torí ìṣirò owó ló ń kọ́, ìwé kékeré kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún méjì la fi dá àjọ náà. Náírà ń lọ sílẹ̀, owó bàálù ń lọ sókè. Nígbà tí Akáńtì ṣírò ẹ̀ gbẹ̀yìn, ohun tí a kó jọ kò tó tíkẹ́ẹ̀tì àlọ ẹnì kan, ká má tíì sọ ti àbọ̀.

Òun ló wá bi mí pé, "Ṣé olú-ìlú lo ṣáà fẹ́ rí? Orílẹ̀-èdè Benin náà ní olú-ìlú, kò sì gba bàálù." Mo ní Cotonou ńkọ́? Ó ní kì í ṣe Cotonou, Àjàṣẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èrò mi báyìí ni pé kò sí ìrìn-àjò tó yẹ ọmọ ẹ̀ka ẹ̀dá-èdè tó ń gbé Èkó bí Àjàṣẹ́, àti pé àìlówó wa gan-an ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Olówó á háyà ọkọ̀ tó tutù, á gba amọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á ya fọ́tò, á sì padà sílé. Àwa tí kò rí tó bẹ́ẹ̀, ẹnu la fi ń wá ọ̀nà. Ẹnu náà ló sì kó wa sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú ìsinmi Àjíǹde ni. Aago márùn-ún ìdájí la kúrò lábẹ́ bíríjì Dọ̀pẹmú. Dánfó kan gbé wa dé Ìkòtún, òmíràn gba Ìgàndò lọ sí Ìyànà-Ìbà, ibẹ̀ la ti wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láyè láti wọlé láìgba físà, ká sì lo tó 90 ọjọ́. Ó yẹ kéèyàn mú ìwé ìrìnnà dání. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa àwọn ibi tí wọ́n ti ń sọ pé "ẹ rántí wa" lójú ọ̀nà. Akáńtì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé ẹ̀, ó pè é ní "Èyí tí kò ní rìsíìtì". Lẹ́yìn bodè, a wọ takisí tó kó èèyàn mẹ́fà, ó yà sápá ọ̀tún, ó gun afárá orí ọ̀sà, a sì dé.

Àjàṣẹ́ ni òfin mọ̀ ní olú-ìlú, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Cotonou ni ààrẹ jókòó sí, nǹkan bí 30 kìlómítà síbẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Èkó lóye irú ẹ̀. Láti 1991 ni ìjọba ti kó kúrò lọ́dọ̀ tiwa lọ sí Àbújá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ariwo Èkó kò tẹ̀ lé wọn lọ. Ti Àjàṣẹ́ tẹ̀ lé ìjọba lọ pátápátá. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láàárín ìgboro láìsí pé ọ̀kadà ń lé e bọ́ sí gọ́tà. A fẹsẹ̀ rìn, a rìn, a rìn.

Ohun tí a kọ́kọ́ lọ wò ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo ní, "Akáńtì, o ti ṣì wá lọ́nà, ṣọ́ọ̀ṣì rèé." Ó ní kí n wò ó dáadáa. Ẹ̀yin náà ẹ bá wò ó, ohun tí mo sọ lẹ máa sọ. Iwájú ẹ̀ dà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ayé àtijọ́, pẹ̀lú òpó tí wọ́n fín iṣẹ́ ọnà sí lára àti ọ̀dà aláràbarà tó ti ń ṣá. Àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wálé. Ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bahia ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run wọn, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn náà ni wọ́n ṣe. Kí ló wá kàn mí, ọmọ Dọ̀pẹmú? Irú ilé yìí kan náà wà ní Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì máa ń kọjá lára wọn láìwo òkè. Ìrìn-àjò yìí ló jẹ́ kí n rántí pé frejon tí àwọn Àgùdà Èkó ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, feijão àwọn Potogí ló bí i, ẹ̀wà ni. Ọjọ́ Ẹtì Rere gan-an la sì wà níbẹ̀. Akáńtì kọ ọ́ sílẹ̀: "Mọ́ṣáláṣí, owó ìwòran, òdo."

Ọjọ́ kejì lojú tì mí. Lẹ́bàá ọjà Ouando, ìyá kan ń ta àkàsà àti ẹja díndín. A kí i ní Yorùbá, ó sì fi Yorùbá dá wa lóhùn. Ó ní ará Ṣakété lòun. Nígbà tí a jẹun tán, mo ní, "Màámi, èló lowó yín?" Ó ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni, ọmọ mi." Mo ka 800 frank, mo fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ó dá 100 padà fún mi. Mo rò pé ẹ̀ènì ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí. "Kì í ṣe ẹ̀ènì o. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni mo pè. Ṣé o ò gbọ́ ni?" Akáńtì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà bi í pé níbo la ti wá, ó ní Èkó ni. Ló bá yíjú sí ọmọ ẹ̀ obìnrin: "Àwọn Èkó ni. Òyìnbó ni wọ́n fi ń ka owó lọ́hùn-ún."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, nítorí inú ẹ̀ka yìí la wà. Mo ṣe kọ́ọ̀sì òǹkà Yorùbá. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni 800 tí a yọ 100 kúrò nínú ẹ̀, mo ya àpótí, mo ya ọfà, mo sì gba A. Ṣùgbọ́n etí mi kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ń tajà. Ní Dọ̀pẹmú, tí mo bá pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin fún kọ̀ndọ́kítọ̀, á ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo kọ́ bí ẹni ń kọ́ nípa egungun ẹranko tó ti kú láyé, ó wà láàyè ní ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí ilé wa, ó ń ta ẹja díndín.

Mi ò wá sọ pé Yorùbá tiwọn ló mọ́ tí tiwa dọ̀tí. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá yẹn kan náà ń wá fóònù ẹ̀, "pọ́tábù" ló ń pè é. Àwa yá tiwa lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yá tiwọn lọ́wọ́ Faransé. Òyìnbó tó jẹ wá ló yàtọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 1889, ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ààlà wọn máa gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti kọ odindi ìwé lórí ohun tí ààlà náà ṣe fún Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn, *Western Yorubaland Under European Rule*, tó jáde ní 1976. Mo ti tọ́ka sí ìwé náà nínú iṣẹ́ ilé mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ohun tó ń sọ.

Ọmọ ìyá náà fi ìwé pélébé kan hàn wá, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà ní kíkà. Yorùbá ni. Mo ṣí i, mo sì ń ká lọ́lọ̀ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí àmì lábẹ́ lẹ́tà: ɛ ni wọ́n fi ń kọ ẹ, ɔ ni ọ, sh ni ṣ, kp ni p. Ní 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní Nàìjíríà. Ní 1975 ni tiwọn gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wọn jáde, ọdún kan náà tí wọ́n yí orúkọ padà kúrò ní Dahomey. Ọdún kan ló wà láàárín ìpinnu méjèèjì, lórí èdè kan ṣoṣo. Ọmọ Ṣakété tó mọ̀wé kò lè ka ìwé wa kó má kọsẹ̀, àwa náà kò lè ka tiwọn. Ká sọ òótọ́, kp tiwọn bọ́gbọ́n mu ju p tiwa lọ. Ohun tí ẹnu ń ṣe gan-an ni wọ́n kọ. Mo kọ orúkọ àdúgbò mi bí wọ́n á ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé Akáńtì: Dɔ̀kpɛmú. Ó ní ó dà bí ibi tí wọ́n ti ń gba físà.

A lọ sí ààfin Honmè, níbi tí Ọba Toffa ti jọba láti 1874 sí 1908. Ó ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa wọlé jẹ́ ọmọ Gun, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ìgbéraga ti wọ̀ mí nígbà yẹn, mo ń pe gbogbo nǹkan ní "Àjàṣẹ́ wa". Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Hogbonu." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hogbonu ni àwọn Gun ń pe ìlú wọn, Te-Agbanlin tó ti Allada wá ló sì dá ìjọba wọn sílẹ̀. Yorùbá ní àwọn ọdẹ tiwa ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn Potogí kò bi ẹnikẹ́ni, wọ́n sọ ọ́ ní Porto-Novo, bí wọ́n ṣe sọ Èkó ní Lagos. Àwọn kan tún máa ń tú Àjàṣẹ́ sí "ìlú tí a jà ṣẹ́", ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ti jókòó ní kíláàsì ìtàn ọ̀rọ̀ mọ̀ pé ó yẹ ká ṣọ́ra fún irú ìtumọ̀ tó bá ń pọ́n wa lé. Àti pé kí n má purọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló gbọ́ Yorùbá. Gun ni wọ́n ń sọ jù, lẹ́yìn ẹ̀ Faransé, a sì fi ọwọ́ juwe nǹkan títí ọwọ́ fi ń dùn wá.

(Songhaï náà wà níbẹ̀, oko ńlá tí Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985. Akáńtì fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo nǹkan yòókù lọ. Èmi ń wá ibi tí màá jókòó sí.)

Ohun tí mo ń bèèrè rèé. Kí ìrìn-àjò ọdọọdún ẹ̀ka wa má jẹ́ etíkun àti fọ́tò mọ́. Owó tí oníkálukú dá lọ́dún tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí èmi àti Akáńtì ná fún ọjọ́ mẹ́ta, oorun pẹ̀lú. Kí a má gba amọ̀nà. Kí a pín ara wa ní méjì-méjì, kí a fún wa ní iye owó tí kò ní tó, kí a sì ní ká lọ ra oúnjẹ. Àwọn kan á ní ewu wà lójú ọ̀nà, àti pé òbí kò ní gbà. Òótọ́ ni, kí olùkọ́ kan bá wa lọ, kí a sì sùn síbì kan náà. Àwọn míì á ní gbogbo ohun tí mo ń sọ, ó wà nínú ìwé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náà wà nínú ìwé.

Akáńtì ní mo sọ ìsinmi òun di lẹ́kíṣọ̀, àti pé òun ṣì máa lọ sí Bangkok lọ́jọ́ kan. Àjọ náà kò tíì parí. Nígbà tí a dé abẹ́ bíríjì Dọ̀pẹmú, ohun tó kù lọ́wọ́ wa jẹ́ 6,350 náírà àti ẹyọ 100 frank kan, èyí tí ìyá yẹn dá padà fún mi. Ó ní kí n tọ́jú ẹ̀ dọjọ́ Kétu. Oṣù Kejìlá la ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó tètè lọ gba ìwé ìrìnnà ẹ̀, kó sì máa ka owó láti igba dé ẹgbẹ̀rún lójú ọ̀nà kíláàsì.