Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Amòfin Tí Ń Ṣọ́ Àṣírí Ènìyàn

 

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìbàdàn, ẹni tí ó ti ń ka abala yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ọmọkùnrin òun lo ọdún 5 ní yunifásítì nídìí ẹ̀kọ́ òfin. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ àwọn Amòfin, wọ́n sì gbà á sí àárín àwọn agbẹjọ́rò. Ìyá ti bá àgbà lọ́yà kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ baba ọmọ náà sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ogún jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, àgbà náà sì ti gbà láti mú un sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ní òun kò lọ. Ó ní iṣẹ́ tí ó wu òun ni kí òun máa dáàbò bo àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àti nínú fóònù, kí òun sì máa gbèjà ẹ̀tọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá wá bi wá pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ǹjẹ́ iṣẹ́ ni èyí? Ta ni yóò máa san owó fún un? Àbí ọmọ mi fẹ́ fi ìwé tí a fi òógùn ojú rán an kà ṣòfò ni?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ka ìwé náà. A kò fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni irú ìbéèrè yìí ń jẹ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú àwa pàápàá.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ń ta aṣọ. Ó gbà wá láyè kí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, ọjà kùtà, ó sì yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù. Kí wọ́n tó yá a, fóònù bi í bóyá ó gbà kí wọ́n wo orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó kọ sínú rẹ̀. Kò kà á. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí owó kò sì pé, àwọn ayánilówó náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n rí kó, wọ́n ní olè ni obìnrin yìí, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti san gbèsè náà tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ti ilé dé ilé láti gba ọ̀rọ̀ náà padà? Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìjókòó rẹ̀ fi ṣófo ní ilé ìsìn. Àwa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. A sọ fún un pé kí ó fi sùúrù gbé e, pé ọ̀rọ̀ ayé kì í pẹ́ kò tó gbàgbé. A kò mọ̀ nígbà náà pé òfin wà ní ilẹ̀ wa tí ó lè dúró tì í. Àìmọ̀ wa yìí dùn wá, òun ni ó sì mú wa wádìí kí a tó dá ìyá ará Ìbàdàn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó yan irú iṣẹ́ yìí ní òkèèrè. Max Schrems ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Salzburg ní ilẹ̀ Austria ni a bí i sí ní ọdún 1987, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Vienna. Ní ọdún 2011 ó lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní Yunifásítì Santa Clara ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní agbègbè tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá kún fọ́fọ́. Amòfin kan láti ilé-iṣẹ́ Facebook wá bá kíláàsì wọn sọ̀rọ̀, Schrems sì ṣàkíyèsí pé àlejò náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí òfin Yúróòpù wí nípa àṣírí ènìyàn.

Ọmọ náà kò pariwo. Ìbéèrè ni ó béèrè. Ní Yúróòpù, òfin fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti bi ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí pé: kí ni ẹ kọ sílẹ̀ nípa mi? Schrems béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Facebook. Inú àwo CD kan ni ìdáhùn dé, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ ju 1,200 ojú-ìwé lọ, nípa ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo tí kò tíì pé ọdún 24. Ó bá ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun parẹ́ níbẹ̀, láìparẹ́. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó ń gbá ilé rẹ̀ ní òròòwúrọ̀, tí ó ń da ilẹ̀ nù sí ààtàn, tí aládùúgbò kan sì ń ṣa gbogbo rẹ̀ jọ sínú àpótí, ọdún dé ọdún.

Nítorí pé Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ni Facebook fi ṣe ibùjókòó rẹ̀ fún Yúróòpù, ibẹ̀ ni Schrems kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí. Ẹ̀sùn 22 ni ó kọ, sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, Edward Snowden tú u síta pé àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò ìjọba Amẹ́ríkà ń rí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí. Schrems tún kọ̀wé pé kò tọ́ kí a máa kó àkọsílẹ̀ àwọn ará Yúróòpù lọ sí ibi tí kò sí ààbò fún un. Ọ́fíìsì Ireland ní ẹ̀sùn náà kò ní ìdí, wọn kò sì wádìí rẹ̀. Ó gbé ọ́fíìsì náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga Ireland, ilé ẹjọ́ náà sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Ilé Ẹjọ́ Ìparapọ̀ Yúróòpù ní Luxembourg. Ní ọjọ́ 6 oṣù October, ọdún 2015, ìdájọ́ jáde: àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Safe Harbour, tí ó wà láti ọdún 2000, tí ilé-iṣẹ́ tí ó ju 4,000 lọ gbọ́kàn lé, di asán.

Wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn ní ọdún 2016, wọ́n pè é ní Privacy Shield. Ó tún kọ́ẹ̀ sí i, ilé ẹjọ́ kan náà sì fagi lé e ní ọjọ́ 16 oṣù July, ọdún 2020. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó ń borí nígbà gbogbo. Àwọn ènìyàn tí ó tó 25,000 ti fa ẹjọ́ wọn lé e lọ́wọ́ kí ó ro ó pọ̀ ní Vienna, ṣùgbọ́n ní January ọdún 2018 ilé ẹjọ́ Luxembourg ní ti ara rẹ̀ nìkan ni ó lè pè níbẹ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ti owó tí ìyá béèrè: ní ọdún 2017 Schrems dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Vienna, orúkọ rẹ̀ ni noyb. Àwọn amòfin wà níbẹ̀ tí ń gba owó iṣẹ́ wọn, láti inú owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn alátìlẹ́yìn ń dá. Òfin tuntun Yúróòpù tí a ń pè ní GDPR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù May, ọdún 2018. Ní ọjọ́ náà gan-an ni noyb fi ẹ̀sùn kan Google àti Facebook. Ní January ọdún 2019, lórí ẹ̀sùn wọn àti ti ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn lé Google, mílíọ̀nù 50 owó yúrò. Ní May ọdún 2023, ọ́fíìsì Ireland, èyí tí ó ní ẹ̀sùn ọmọ náà kò ní ìdí ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ni ó bu bílíọ̀nù 1.2 yúrò lé Meta tí ó ni Facebook, nítorí kíkó àkọsílẹ̀ àwọn ará Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà. Ní July ọdún kan náà ni wọ́n ṣe àdéhùn kẹta. Iṣẹ́ kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìyá lè wí pé ti òyìnbó ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

Abala 37 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé àṣírí ọmọ ilẹ̀ yìí, ti ilé rẹ̀, ti ìwé tí ó ń kọ àti ti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù, kò ṣeé tọ pinpin láìnídìí. Ní oṣù June ọdún 2023 ni a fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá lórí ààbò àkọsílẹ̀ ènìyàn, a sì gbé Ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní Àbújá láti máa mú un ṣẹ. Òfin náà fún olúkúlùkù wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a kọ nípa wa, láti ní kí a tún èyí tí kò tọ́ ṣe, àti láti fà sẹ́yìn kúrò nínú ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lo àkọsílẹ̀ ọmọdé. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, tí ó sì lè pa ènìyàn lára, ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún Ìgbìmọ̀ láàárín wákàtí 72. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó bá rú òfin lè san mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Òfin yìí kan náà ni ó ń fa iṣẹ́ wá fún àwọn bí ọmọ yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń kó àkọsílẹ̀ púpọ̀ jọ, bí ilé ìfowópamọ́, gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó mọ òfin náà tí yóò máa ṣọ́ wọn láti inú. Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ń fẹ́ irú wọn. Ìgbìmọ̀ náà ń fẹ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ bí Paradigm Initiative ní Èkó ń fẹ́ wọn. A kò ní tan ìyá jẹ: owó ibẹ̀ lè má yá bí owó ẹjọ́ ilẹ̀, òfin orí ìwé sì pẹ́ kí ó tó di òfin ojú ọjà. Láti ọdún 2011 tí Schrems ti béèrè ìbéèrè rẹ̀ títí dé ìtanràn ọdún 2023, ọdún 12 ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìyá wa. Kí ni àgbà lọ́yà nì ń ṣe nínú ẹjọ́ ilẹ̀? Ó ń béèrè pé: ta ni ó ni ààlà yìí, ta ni ó sì fún ọ láṣẹ láti wọ inú rẹ̀? Ìbéèrè kan náà ni ọmọ yín fẹ́ máa béèrè, àfi pé oko tí ó fẹ́ ṣọ́ ni orúkọ ènìyàn, àwòrán rẹ̀, àìsàn rẹ̀, gbèsè rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ẹ bẹ àgbà náà kí ó gbà á fún ọdún kan tàbí méjì, kí ó kọ́ bí a ti ń dúró ní kóòtù, nítorí ẹni tí yóò gbèjà ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ í rò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdúrà sìn ín lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Ní ti àwa yòókù, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ máa ka ohun tí fóònù bá bi yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ó wà nínú fóònù kì í ṣe ohun ìní yín nìkan. Ẹ má ṣe fi dúró fún gbèsè. Kí ẹ tó gbé àwòrán ọmọ síta, ẹ yọ orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àti ti ìjọ, ìwé tí ẹ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn sí, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, a lọ sọ fún obìnrin aláṣọ nì pé ó lè kọ ẹ̀sùn sí Ìgbìmọ̀ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ẹni tí ó ti gbọ́ ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn tí kò tíì bọ́ sí i." Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe kọ èyí. A bi í bóyá kí a bá a kọ ẹ̀sùn náà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A ó padà lọ.