Igbó Òrìṣà àti Ilé Fàájì: Òfin Kan Náà Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí le, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin tí ìfẹ́ wọn ń fà sí ọkùnrin ń bẹ láàárín wa, nínú agbo ilé wa pàápàá. Àwọn mìíràn ń kúrò ní Òṣogbo àti Iléṣà lọ sí Èkó, nítorí ìlú ńlá ni wọ́n rò pé àwọn ti lè rí ẹlẹgbẹ́ àwọn, kí wọ́n jó, kí wọ́n sì ṣe fàájì.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ijó irú wọn ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọdún 2005 sì ni àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ ti ń ṣe ọdún tiwọn, UK Black Pride. Ní Èkó, kò sí pátákó. Ọ̀rẹ́ ní í mú ọ̀rẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́ á wá a kiri lórí fóònù, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọ̀daràn ba sí. Wọn á fi ìfẹ́ tàn án dé yàrá, wọn á lù ú, wọn á ya fọ́tò ìhòòhò rẹ̀, wọn á sì gba owó rẹ̀. Kító ni wọ́n ń pe ìwà ibi yìí. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí kò lè ké gba ọlọ́pàá, nítorí òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ tàbí ilé fàájì irú wọn sílẹ̀, tàbí tó bá kópa nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó, wọ́n kó ọkùnrin 57. Àwọn tí wọ́n mú ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Wọ́n pe 47 nínú wọn lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù nítorí pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò múra sí i. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti fi ojú wọn han àwọn oníròyìn tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń yọ̀ sí irú ìròyìn báyìí. Wọ́n ní kò sí nínú àṣà wa. Mo bèèrè pé: ta ló kọ òfin tí a ń gbè lẹ́yìn? Ẹ ṣí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní 1916. Abala 213 sọ pé kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n pa ilé tàbí igbó tí a ti ń bọ ohun tí ìjọba bá fòfin dè run, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. “Juju” ni òfin náà pe ohun tí à ń bọ. Abala 214, tó tẹ̀ lé e gan-an, ló fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀. Kálàmù kan náà ló kọ méjèèjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin tirẹ̀ ká láti 1967. Àwa ṣì gbé tiwa rù.

Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n kìlọ̀ fún ìyálórìṣà Ọ̀ṣun kan ní Ìlọrin pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe. A pariwo, ó sì tọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 60 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ekpan, nítòsí Warri, wọ́n ní ìgbéyàwó akọ sákọ ni wọ́n ń ṣe. A rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà yóò ní ọmọ ló ń jogún ilé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni yí ètò ìgbéyàwó wa padà. N kò sì ní fi irun dídì elégùn Ṣàngó ṣe ẹ̀rí ohun tí kì í ṣe. Ìyàwó òrìṣà ni irun náà ń sọ pé ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí elégùn bá wà ní Ẹ̀gbẹ́dá lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú irun rẹ̀ àti yẹ̀rì rẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ọmọ ìṣẹ̀ṣe kankan má ṣe tan ọmọ ẹlòmíràn sínú kító, kó má sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí ọ̀dọ́ bá wá dífá, kí àṣírí rẹ̀ má kúrò lórí ẹní. Bí a bá sì ń ké pé kí wọ́n fa abala 213 ya, kí ojú wa má fo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Oore yèyé Ọ̀ṣun o.